Àpò Ìbọn Tó Há Jù

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ ni ẹ̀gbọ́n kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Houston, wọ́n gbé àpò bébà kan lọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹyin. Ìbọn ìléwọ́ wọn ló wà nínú rẹ̀, inú àpò awọ tí wọ́n rà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni ìbọn náà sì wà. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n ní, "Àbúrò, bá mi wo nǹkan yìí. Ó wọlé, kò fẹ́ jáde mọ́."

Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, ẹni ọdún 57, iṣẹ́ ọdẹ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Ní Texas, ọdẹ tó bá máa gbé ìbọn gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Level III, ó gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ìyìnbọn, kí ó sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Texas Department of Public Safety, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò ìlú. Ìdánwò ti ẹ̀gbọ́n ku ọjọ́ 16. Òfin ìpínlẹ̀ náà sì tún sọ pé ìbọn ìléwọ́ tí ojú àwọn èèyàn bá ń rí lára ẹni, inú àpò ló gbọ́dọ̀ wà. Nítorí náà, àpò kì í ṣe ohun tí wọ́n lè jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí iṣẹ́ máa lọ.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ìdí iṣẹ́ awọ ni mo sì dàgbà sí. Bàbá mi ń rán tìmùtìmù, àpò àti gàárì ẹṣin. Nígbà tí mo dé ibí, mo rí i pé àpò ìbọn ni àwọn ará ibí ń náwó lé, mo kọ́ ọ lọ́wọ́ òyìnbó àgbàlagbà kan, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń rán an. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, ẹni tó ń rán, ẹni tó ń tà, àti ẹni tó ń kọ́ni ní ìyìnbọn. Mo ṣi apá kan rẹ̀ ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹlòmíràn rí ibi tí mo ti ṣì í.

Mo bi ẹ̀gbọ́n bóyá ọta wà nínú ìbọn. Wọ́n ní rárá, àwọn ti yọ ilé ọta sílẹ̀ nílé. Òótọ́ ni, ìsàlẹ̀ ìdìmú ṣófo. Ṣùgbọ́n ìbọn tó há sínú àpò kò ṣeé yẹ̀ wò. Irin òkè rẹ̀ kò lè sún sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò sì lè rí inú ihò tí ọta ń jókòó sí. Jeff Cooper, ọ̀kan lára àwọn àgbà olùkọ́ ìbọn ní Amẹ́ríkà, fi òfin mẹ́rin sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ń fọwọ́ kan ìbọn, àkọ́kọ́ nínú wọn sì ni pé gbogbo ìbọn ló ní ọta nínú nígbà gbogbo. Mo ní garawa ńlá kan tó kún fún iyanrìn ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Mo ki bẹ́líìtì bọ ojú tí wọ́n ṣe fún bẹ́líìtì lára àpò náà, mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, mo dojú ẹnu ìbọn kọ iyanrìn, mo sì ní kí ẹ̀gbọ́n bọ́ sẹ́yìn mi. Mo di ìdìmú mú ṣinṣin, mo na ìka ìfábẹ̀lá gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ kí ó má ṣe súnmọ́ tírígà, ibi tí ìka ń tẹ̀ kí ìbọn tó yìn, mo wá fà á ní tààrà, láìjà á, láìmì í. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yọ. Nígbà tí mo fa irin òkè sẹ́yìn, ọta kan fò jáde, ó bọ́ sílẹ̀, ó ró gbàlà.

Àwa méjèèjì dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n wá àga, wọ́n jókòó. Nígbà tí ohùn wọn padà, wọ́n ní, "Láti ọjọ́ Wẹ́sidé ni mo ti ń fi orúnkún há a mọ́lẹ̀, tí mo ń fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ìyàwó mi jókòó lọ́ọ̀ọ́kán mi."

Ibi tí ewu àpò tó há jù wà gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ń fa ohun tó há, gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń fún pọ̀, kódà èyí tí kò fẹ́ lò. Bí ohun náà bá wá já lójijì, apá á fò lọ, ẹnu ìbọn á yí kiri, ìka á sì wá ibi tí yóò dì mú. Glock ni ìbọn ẹ̀gbọ́n, orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é nìyẹn. Kò ní títì tí àtàǹpàkò ń ṣí kó tó yìn. Ẹni tó bá ti tẹ tírígà dé ìdí, ó ti yìnbọn nìyẹn.

Mo tọ́jú ọta náà sínú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́, mo wá bi wọ́n ohun tí wọ́n ti ṣe sí àpò náà nílé. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló sọ fún wọn pé òróró awọ ni oògùn rẹ̀. Wọ́n da á sínú àpò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí kò yí padà, wọ́n gbé e sínú mọ́tò nínú oòrùn Houston láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ìyẹn náà kò ṣiṣẹ́, wọ́n fi ẹ̀rọ tí ìyàwó wọn fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ títí tó fi gbóná, wọ́n ki ìbọn bọ̀ ọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára, wọ́n sì sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, awọ náà ti tutù, ó ti sún kì mọ́ ìbọn lára.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí àpò tuntun fi ń há, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe yìí ti bẹ̀rẹ̀. Awọ màlúù tí wọ́n fi omi èèpo igi ṣe ni a fi ń rán irú àpò yìí, ó sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 3 tàbí kó lé díẹ̀. Bí awọ yìí bá mu omi, ó ń rọ̀ bí amọ̀. Nígbà tó bá rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ń ki àwòṣe ìbọn bọ inú rẹ̀, a ó wá fi egungun dídán tẹ̀ ẹ́ yí òrùka tírígà ká, ìyẹn òrùka tó dáàbò bo tírígà, títí tí ìrísí ìbọn yóò fi hàn lára awọ. Bó bá gbẹ, kòtò kékeré tí a tẹ̀ síbẹ̀ kò ní kúrò mọ́. Kòtò yẹn ló ń di ìbọn mú nígbà tí olówó rẹ̀ bá sáré, tó bẹ̀rẹ̀, tàbí tó ṣubú. Hí há àpò kì í ṣe àbùkù ara rẹ̀, iṣẹ́ tí a rán an ni. Ohun tó yẹ ká máa bèèrè ni ibi tó ti di ìbọn mú.

Èmi gan-an kò bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni mo ṣe. Mo yẹ ìbọn wò lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ojú wo ihò ọta, mo tún fi ìka kan án, mo rí i pé ó ṣófo. Mo kó gbogbo ọta kúrò nínú yàrá náà. Mo wé ìbọn sínú náílọ̀n búrẹ́dì, mo rọra tì í bọ inú àpò títí tó fi jókòó, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Náílọ̀n yìí á fẹ awọ díẹ̀, ìwọ̀nba ìsánra ara rẹ̀, kò sì ní ṣe awọ léṣe. Ọ̀pọ̀ àpò ló ń gbọ́ràn ní òru kan péré. Èyí kò gbọ́. Mo fi náílọ̀n méjì wé e ní òru kejì. Ní àárọ̀, mo fa ìbọn jáde nígbà 30. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ó ti dẹ̀, ṣùgbọ́n kí n tó jẹun ọ̀sán tán, ó ti padà sí bó ṣe wà.

Níbi tí òru àkọ́kọ́ kò ti yí nǹkan kan padà, ó yẹ kí n ti dúró. Mo fi òru kejì ṣòfò nítorí pé mo ti gbà lọ́kàn mi pé àpò tuntun ni, pé sùúrù ni yóò ṣe é.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Mo fi páúdà ọmọdé pa ara ìbọn náà fẹ́ẹ́rẹ́, ó funfun látòkè délẹ̀, mo kì í bọ àpò, mo fà á yọ. Bí àpò bá ń di ìbọn mú níbi tó yẹ, òrùka tírígà ni páúdà yóò ti parẹ́. Ti ẹ̀gbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Páúdà orí òrùka tírígà wà níbẹ̀ bí mo ṣe fi í, kò sí ohun tó kàn án. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì irin òkè ni páúdà ti nù lọ pátápátá, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé àpò yìí kò tiẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó kàn ń fún ìbọn lọ́rùn ni.

Mo ní àwọn ìbọn àwòṣe aláwọ̀ búlúù, ike lásán ni wọ́n, kò sí èyí tó lè yìn. Mo mú àwòṣe Glock 19 nínú wọn, mo kì í bọ àpò ẹ̀gbọ́n. Ó wọlé, ó dún kọ́, ó jókòó. Mo fà á, ó tẹ̀ lé mi lọ́wọ́ láìjanpata. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bákan náà ni. Ìgbà yẹn ni mo gbé iná sún mọ́ ìbọn ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: 23, Gen5.

Gbogbo rẹ̀ yé mi. Glock 19 jáde ní ọdún 1988, 23 tẹ̀ lé e ní 1990. Ọta tí wọ́n ń jẹ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìta ara wọn bára mu, àpò kan náà ló ń gba àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń rán àpò fi ń kọ "19/23" sí i lára, ó sì ti mọ́ wa lára débi pé a kì í rò ó mọ́. Nígbà tó di 2020, wọ́n gbé ìran karùn-ún 23, Gen5 yìí, jáde, wọ́n sì mú irin òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú lásán kò tètè rí ìyàtọ̀ náà, àfi tí a bá gbé méjèèjì síra wọn. Awọ rí i ní tirẹ̀. Ẹni tó ta àpò fún ẹ̀gbọ́n ka "23" lára àpò, ó ka "23" lára ìbọn, kò ka ohun tó kù. Èmi náà kò kà á ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìdí tí náílọ̀n kò fi lè tán ọ̀ràn yìí, nítorí mo ti rí àwọn tó mọ iṣẹ́ tí wọn kò rò ó débẹ̀. Awọ lè nà, ojú òwú kò lè nà. Nígbà tí a bá ń gé àpò, a máa ń wọn ìbú ìbọn, a ó fi ìnípọn awọ kún un, ibẹ̀ ni a ó ti mọ ibi tí òlu yóò gbà. Bí ìbọn bá fẹ̀ ju èyí tí a wọ̀n lọ, ìlà ìrán ti sún mọ́ ọn jù nìyẹn, tọ̀tún tòsì. A lè fi ọdún kan wé náílọ̀n, ìlà òwú náà kò ní kúrò níbi tó wà.

Mo pe ẹ̀gbọ́n, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní àwọn á dá a padà. Ẹni tó tà á ní òun kì í gba ohun tí wọ́n bá ti da òróró sí. Wọ́n wá bẹ̀ mí pé kí n gbìyànjú ohunkóhun tó bá wà, owó àpò yẹn kì í ṣe kékeré. Àánú wọn ṣe mí, mo gbà. Mo fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rin ikùn àpò náà, mo yẹra fún ẹnu rẹ̀ tí òróró ti bà jẹ́. Mo lẹ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ìbọn, mo wé e sínú náílọ̀n, mo kì í bọ̀ ọ́, mo fi egungun tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Mo gbé e síwájú fáànù fún ọjọ́ méjì, láìfi iná kàn án, nítorí pé awọ tútù tó bá rí ooru púpọ̀ ń kákò, ó sì ń gan bí igi.

Nígbà tó gbẹ, ìbọn ń jáde. Inú ẹ̀gbọ́n dùn gan-an, wọ́n ti ń wá ọwọ́ bọ àpò láti sanwó. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Mo ti rí nǹkan méjì. Ojú òlu tó wà nítòsí ẹnu ìbọn ti ya gùn, òwú ń fa awọ ya. Èkejì ló dẹ́rù bà mí. Ẹnu àpò náà, níbi tí òróró pọ̀ sí jù, ti rọ̀ bí ahọ́n bàtà àtijọ́. Bí a bá ti yọ ìbọn, ẹnu àpò á pa dé. Mo fi ìbọn àwòṣe dá a padà sínú àpò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá níwájú ẹ̀gbọ́n. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú rẹ̀, etí awọ ká wọ inú, ó forí lé òrùka tírígà.

Awọ tó bá ká wọ inú òrùka yẹn lè tẹ tírígà bí ìka ènìyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń ti ìbọn padà sínú àpò kò ní mọ̀, yóò rò pé àpò ló há, yóò tún fi agbára kún un. Itan rẹ̀ ni ẹnu ìbọn sì dojú kọ.

Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ gbà. Wọ́n ní, "Ìwọ náà rí i pé ó ń jáde báyìí. Mo á máa ṣọ́ra." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, aago mẹ́ta òru ni ẹ máa nílò rẹ̀, nínú òkùnkùn, tí àyà yín ń já. Ẹ ò ní rí ẹnu àpò nígbà yẹn." Wọ́n wo àpò náà pẹ́. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi ni mo fagbára mú un." Wọ́n tì í sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì.

Ó ku ọjọ́ 10 kí ìdánwò wọn tó dé. Mo rán òmíràn fún wọn, ìbọn tiwọn gan-an ni mo fi wọn ìlà ìrán. Mo fi awọ kejì gba ẹnu rẹ̀ ní ọ̀já kí ó lè máa là sílẹ̀ bí ìbọn kò tiẹ̀ sí nínú rẹ̀, mo sì fi okùn awọ tí àtàǹpàkò ń já sí i lórí, nítorí pé ẹni tó ń gbé ìbọn láàárín èèyàn kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé hí há nìkan. Èyí náà há nígbà tó jáde lọ́wọ́ mi, bó ṣe yẹ kó há. Mo tún fi páúdà dán an wò, òrùka tírígà ló ti parẹ́. Náílọ̀n kan, òru kan, ó gbọ́ràn. Mo yẹ ìbọn wò pé ó ṣófo, mo dojú àpò dé sókè ìrọ̀rí, mo mì ín díẹ̀: ìbọn kò já bọ́. Mo gbé àpò sí ìdí, mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo fà á: ó yọ.

Mo rò pé ó ti parí. Ọjọ́ tí a lọ sí pápá ìyìnbọn láti dán an wò, ẹ̀gbọ́n pè mí láti ojú ìlà wọn. "Àbúrò, ó tún ti há!" Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ní kí wọ́n yọ ọta kúrò, kí wọ́n fà á díẹ̀díẹ̀ kí n rí i. Àpò kò há. Láti ìdí wọn ni àpò náà lódindi ti ń gbéra. Bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń wọ kóòtù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi gbé e, tẹ́ẹ́rẹ́, rírọ̀, ojú àpò sì fẹ̀ jù ú lọ. Bí wọ́n bá ti fa ìbọn, àpò á kọ́kọ́ gòkè pẹ̀lú rẹ̀ tó ìwọ̀n ìka méjì, kó tó rí ohun tí yóò dì í mú. Ẹni tó bá wà nídìí rẹ̀ kò lè mọ̀ pé bẹ́líìtì ni. Ní ọwọ́ tirẹ̀, "ó há" ni. Mo bọ́ bẹ́líìtì tèmi fún wọn, awọ onípele méjì tó fẹ̀ tó ínṣì kan ààbọ̀, tó kún ojú àpò dáadáa. Ìbọn yọ bí ẹni yọ ọ̀bẹ nínú àkọ̀. Wọ́n ra bẹ́líìtì kan náà lọ́wọ́ mi kó tó di alẹ́, wọ́n sì yege nínú ìdánwò wọn lọ́jọ́ tó pé.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é ti yàtọ̀. Ẹni tó bá pè mí pé àpò òun há, ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn ni mo kọ́kọ́ ń ní kí ó kà fún mi, pẹ̀lú nọ́ńbà ìran rẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sára àpò. Mo ń ní kí ó wá pẹ̀lú bẹ́líìtì tó fi ń gbé e. Tó bá dé, garawa iyanrìn ni a ń kọ́kọ́ lọ, bó ti wù kí ó búra tó pé ìbọn ṣófo. Lẹ́yìn náà ni páúdà, lẹ́yìn náà ni àwòṣe. Ó dìgbà tí mo bá ti mọ ibi tí àpò ti di ìbọn mú kí n tó ronú náílọ̀n. Òróró kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Àwọn tó ń lo àpò ike Kydex ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn, ó kàn wọ́n. Síkúrù tó wà lára ti wọn, tó ń mú àpò fún tàbí dẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ń sáré tú. Ìdá mẹ́rin ìyípo kan ni kí wọ́n máa tú u, kí wọ́n dán an wò kí wọ́n tó tún fọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ irin òkè tàbí ìfojúsùn iwájú ni ike náà ti ń di ìbọn mú, síkúrù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹni tó bá sì gbé iná sí i láìmọ iṣẹ́, ike lè rọ̀ kúrò nípò ní òrùka tírígà, ibi tí kò yẹ kó ti rọ̀.

Àpò àkọ́kọ́ ẹ̀gbọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ nù. Mo fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kí inú rẹ̀ lè hàn: ẹnu tó dúdú tó sì rọ̀, ikùn tó le, ojú òlu tó ya. Orí ìṣó kan lókè garawa iyanrìn ni mo gbé e kọ́ sí. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ́wọ́lọ́wọ́, mo gbé àpò yìí lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, mo ní kí ó fi ìka wá ibi tó ti ń di ìbọn mú, kí ó tó fọwọ́ kan òlu.